Ẹ Fi Ògiri Kan Sílẹ̀ fún Àwọn Ìyá Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìpàdé àwọn ọmọ Ute sọ, tí a tún tò fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá

    Alága ní kí n má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Màá gbìyànjú, ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, ẹ mọ̀ wá, tí tíṣà bá ti rí èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ á máa wù ú sọ.

Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo bá wá. Gbogbo wa ti rí ìwé owó tí ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn ìlú gbé sórí gúrúùpù: pẹ́ńtì funfun fún inú ilé, búlúù fún ìta, bánà ńlá onífọ́tò fún iwájú. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe, mi ò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ni ògiri kan ṣoṣo, ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, èyí tó kọjú sí títì. Ẹ má kùn ún ní búlúù. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ìyá wa tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọnà sára ògiri, àti fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. A ó kọ́kọ́ dé Japan ká tó padà sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ọ̀nà náà kò jìn tó bí ẹ ṣe rò.

Ní 1868 ni ìjọba yí padà ní Japan, tí wọ́n sì pinnu pé àwọn náà fẹ́ lágbára bíi ti òyìnbó. Ọkọ̀ ojú irin, aṣọ, ìbọn, ìwé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọlé. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ bó ṣe máa ń rí tí ọ̀làjú bá wọ̀lú lójijì: ohun tó wà nílé á di ohun ìtìjú. Ní 1876 ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀, àwọn ará Ítálì ni wọ́n gbà síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán bíi ti òyìnbó. Àwọn ọ̀gá tí ìdílé wọn ti ń yàwòrán láti ìran dé ìran kò rí ẹni pè wọ́n síṣẹ́ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Kano Hogai, ọmọ ayàwòrán, tí àwọn ìjòyè ti ń gbéṣẹ́ fún ilé baba rẹ̀ tipẹ́, wá di ẹni tó ń fi iṣẹ́ kéékèèké bọ́ ara rẹ̀.

Àlejò ló wá ń pariwo fún wọn. Ernest Fenollosa, ọmọ Amẹ́ríkà, dé Tokyo ní 1878 láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni. Ó rí àwọn àwòrán àtijọ́ yìí, ẹnu yà á pé àwọn tó ni wọ́n kò kà wọ́n sí. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa, Okakura Kakuzo ni orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ rìn káàkiri ilé ìsìn àtijọ́, wọ́n ń wo ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n rọ ìjọba títí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ ọnà mìíràn sílẹ̀ ní Tokyo, tó ṣí ní 1889. Ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní àwòrán òyìnbó níbẹ̀. Ti ilẹ̀ wọn nìkan ni: àwòrán, igi gbígbẹ́, iṣẹ́ irin. Kano Hogai ni wọ́n ti fọkàn sí pé yóò jẹ́ olórí tíṣà àwòrán. Ó kú ní oṣù díẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ náà tó ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Hashimoto Gaho, ló wá kọ́ àwọn ọmọ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Àwọn ọmọ yẹn kò jókòó máa ṣe àdàkọ ohun tí àwọn baba ti yà. Méjì nínú wọn, Yokoyama Taikan àti Hishida Shunso, yọ ìlà dúdú tó máa ń yí àwòrán àtijọ́ ká kúrò, wọ́n ń fi àwọ̀ nìkan ṣe afẹ́fẹ́ àti ìrì. Àwọn tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kùrukùru ni wọ́n ń yà. Ní 1898 wọ́n lé Okakura kúrò nílé-ẹ̀kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ tíṣà bá a lọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Owó kò sí. Ní 1906 wọ́n kó lọ sí etí òkun kan tó ń jẹ́ Izura, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìyà àti ìdílé wọn. Shunso kú ní 1911, kò pé ogójì ọdún. Taikan wà láyé títí di 1958, orílẹ̀-èdè tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń fi í yangàn. Irú àwòrán yìí ni wọ́n ń pè ní Nihonga, ìyẹn àwòrán Japan, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní yunifásítì wọn di òní.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń yà á? Òkúta ni. Òkúta aláwọ̀ ewé, òkúta aláwọ̀ aró, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Funfun wọn, ìkarahun ẹran odò ni wọ́n lọ̀. Ohun tó so ó pọ̀ ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, efun, osùn àti ọlọ ìyá ìyá mi ni mo rí lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló jà fitafita kí ìjọba amúnisìn tó gba ẹ̀kọ́ ọnà láyè ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí òyìnbó ṣe ń yàwòrán ló fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀, torí àwọn kan ń sọ pé ọmọ dúdú kò lè ṣe é. Nígbà tó wá di 1927 tí òyìnbó kan, Kenneth Murray, dé láti wá kọ́ni, òun ló ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa wo ohun ilé wọn. Ẹ ò rí ayé? Onílé ń wá ti òyìnbó, òyìnbó ń wá ti onílé. Mi ò dá Onabolu lẹ́bi rárá o. Ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ló ń fèsì sí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é bí mo ṣe fẹ́ kí àwa náà ṣe é ni Uche Okeke. Ọmọ Nimo nílẹ̀ Ìgbò ni, wọ́n bí i ní 1933. Zaria ló ti kàwé ọnà. Ní 1958, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀: Bruce Onobrakpeya, Demas Nwoko, Yusuf Grillo tiwa ti Èkó, àti àwọn mìíràn. Àwọn òyìnbó tó ń kọ́ wọn ń kọ́ wọn ní ọnà ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn ọmọ náà kò kọ̀ ọ́. Wọ́n kàn máa ń pàdé lẹ́yìn kíláàsì láti sọ̀rọ̀ nípa ìtàn, òrìṣà, àti ọnà ìlú oníkálukú wọn. Ní 1960, ọdún òmìnira, Okeke kọ ọ́ sílẹ̀ pé ká mú èyí tó dára nínú ti àtijọ́, ká mú èyí tó dára nínú ti àlejò, ká fi méjèèjì ṣe ohun tuntun tó jẹ́ tiwa.

Àwọn tó ń kọ irú nǹkan báyẹn pọ̀. Ohun tí Okeke ṣe lẹ́yìn náà ló yà á sọ́tọ̀: ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ mọ uli. Àwọn obìnrin Ìgbò ló ń ṣe uli. Wọ́n máa ń fún omi láti ara èso igi kan, wọ́n á fi ya ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára ọmọge tó ń lọ sóde, á dúró bí ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣí. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ti ara ògiri, amọ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n ń lò. Ìlà kan, àmì kékeré kan, àyè tó ṣófo. Àyè tó ṣófo yẹn ṣe pàtàkì, àwọn ìyá náà kì í kún gbogbo ara. Ọkùnrin tó ti gba ìwé ẹ̀rí Zaria wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó lọ ń kọ́ni ní yunifásítì Nsukka. Ẹ rántí bí ilẹ̀ Ìgbò ṣe rí nígbà náà: ilé ti wó, àwọn èèyàn ti kú, ọ̀pọ̀ ohun àtijọ́ ti jóná. Ibẹ̀ ló ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n padà sí abúlé wọn, kí wọ́n lọ wádìí ohun tí àwọn àgbà mọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nsukka náà, Obiora Udechukwu, di tíṣà níbẹ̀ lẹ́yìn tó parí. Ìlà uli ló fi ya ogun, ìyà àwọn mẹ̀kúnnù, àti ìwà àwọn olówó. Kò sí ìyá àgbà kankan tó fi uli ya ìyẹn rí, ṣùgbọ́n tí ìyá àgbà bá rí i, á mọ ọwọ́ náà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan àwa ará Òǹdó. Ọ̀kan nínú àwọn tí Udechukwu kọ́ ni Táyọ̀ Adénaike. Ọmọ Ìdànrè ni. Ìdànrè níbí! Ọmọ Yorùbá, tí wọ́n bí ní 1954, ló lọ sí Nsukka, tó kọ́ uli, tó fi ń ya àwòrán olómi tó dùn ún wò bíi kí èèyàn mu ún. Nígbà tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Washington pàtẹ iṣẹ́ àwọn ará Nsukka ní 1997, èèyàn méje ni wọ́n mú, ọmọ Ìdànrè yìí sì wà nínú wọn. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó tún ń ta mí lára díẹ̀. Ọmọ wa gbọ́dọ̀ dé Nsukka kó tó rí tíṣà tí yóò sọ fún un pé ohun tí àwọn ìyá ń ṣe sára ògiri jẹ́ ọnà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Yorùbá kò ní tirẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin kan wà tó ń ya ọnà sára ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Lọ́dọọdún, tí ọdún òrìṣà bá ń bọ̀, wọ́n á tún un kùn. Òjò á fọ̀ ọ́, oòrùn á pa á, wọ́n á tún kùn ún lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tó ń sọ pé kí ni àǹfààní ọnà tí kò ní pẹ́, ẹ gbọ́: torí pé kì í pẹ́ ni wọn ò fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ kò sinmi. Ọmọ tó bá dàgbà nínú ilé yẹn á ti rí i lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún kó tó lọ́kọ.

Àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá mọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: funfun, pupa, dúdú. Pupa ni osùn, pupa ni ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, pupa náà ni epo. Dúdú ni èédú, dúdú ni aró, dúdú ni ewé tútù. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn, búlúù tí ẹ fẹ́ rà yẹn, dúdú ni nínú èdè àwọn ìyá wa! Kí ẹ má bínú, àwàdà ni.

Ẹni tó lọ bá àwọn obìnrin Ifẹ̀ yìí ni Moyọ̀ Òkédìjí, tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin tó ka Àjà Ló Lẹrù nílé-ẹ̀kọ́, baba rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì ń fi erùpẹ̀ ya àwòrán tirẹ̀. Àsìkò náà tún ràn án lọ́wọ́, bí ìyà ṣe máa ń ranni lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Ní 1986 ni SAP dé, náírà já wálẹ̀, àwọ̀ òyìnbó tí àwọn ayàwòrán ń rà wá di ohun tí owó oṣù tíṣà kò ká mọ́. Ilẹ̀ kò béèrè dọ́là. Ní 1989, òun, Kúnlé Fílàní, Tọ́lá Wewe, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Nasiru dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ọnà. Orúkọ náà tó. Ifẹ̀ ni gbogbo wọn ti kẹ́kọ̀ọ́ ọnà. Campbell wá lọ kọ odidi ìwé lórí àwòrán ara ògiri ojúbọ, ó jáde ní 2008. Wewe, ọmọ ìpínlẹ̀ wa láti ìhà Òkìtìpupa, di kọmíṣọ́nnà àṣà ní Àkúrẹ́ nígbà ìjọba Mimiko. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà tó gba ara ògiri lọ kò dópin sí ojúbọ.

Mo ti mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n ti ń wo ara wọn níhìn-ín. Tíṣà fẹ́ gbé òrìṣà wọ gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn, torí ìbéèrè tó yẹ ni, mo sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì bíi tiyín.

Ní 1947, fadá ìjọ Àgùdà kan, Kevin Carroll, bẹ̀rẹ̀ ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére ló kó jọ. Bándélé, ọmọ Arẹ̀ógún ti Òsì, ìyẹn ọ̀gá àwọn ọ̀gá, wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, Lámídì Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni Lámídì. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbẹ́. Àwọn ọba Magi tó wá kí Jésù, ó gbẹ́ wọn bí ọba Yorùbá, tàwọn ti adé. Ibi ìkọ́ṣẹ́ náà ti kógbá wọlé ní 1954, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró. Lámídì di tíṣà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì ń gbẹ́gi títí ó fi kú ní 2009. Mùsùlùmí gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Kristẹni, lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ nílé tó ń gbẹ́ ère òrìṣà. Kò sí ẹni tó sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n jọ lò. Ohun tí a ó yà sára ògiri wa, àwa fúnra wa la ó jọ pinnu: oko kòkó, odò, àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó, àwọn ọmọ tó ń gba òkun lọ sókè òkun. Ìlà àti àwọ̀ ni mo ń wá lọ́wọ́ àwọn ìyá, mi ò ní kí a bọ nǹkan kan.

Agbègbè wa kì í ṣe òpè nínú ọnà, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín. Ní 1971, Ekpo Eyo hú àwọn ère alámọ̀ jáde ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀, orí èèyàn, ọwọ́, ẹranko, àwọn onímọ̀ sì fi wọ́n sí nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń gbẹ́ eyín erin ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, iṣẹ́ wọn wà ní London àti Amẹ́ríkà lónìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, tí gbogbo ayé ń ka ìwé rẹ̀ lórí ọnà Yorùbá, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ àwọn ère yẹn, ọmọ ìyá ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Ó kù sí ti ilé wa.

Nínú ilé tí mo dàgbà sí, kí ọdún tó dé, ìyá ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé máa ń rẹ́ ògiri. Wọ́n á po ilẹ̀ pupa mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ìsàlẹ̀ ògiri á jẹ́ dúdú torí omi òjò tó ń ta sí i. Lókè rẹ̀, wọ́n á fi ìka mẹ́ta fa ìlà tó ń yí bí omi odò, wọ́n á fi efun kán sí i. Kò sí ẹni tó pè é ní ọnà. Iṣẹ́ ilé ni, bí ìgbálẹ̀. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, a dúpẹ́, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni padà sínú ilé amọ̀ tí eku ń gbẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí sìmẹ́ńtì wọlé ni ọwọ́ àwọn ìyá yẹn sinmi.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ka ìyá márùn-ún tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn ṣe é ní ọmọge, tí wọ́n sì lè ṣe é lójú mi. Wọ́n ku mẹ́ta. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ rántí Kano Hogai tó kú kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣí. Japan ṣì ní Gaho láti fi rọ́pò rẹ̀. Ní tiwa, tí mẹ́ta yìí bá lọ, mi ò mọ ẹlòmíràn.

Ní ti àwọn ọmọ, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní agbègbè wa tí mi ò ní dárúkọ, tíṣà ọnà ibẹ̀ ti fẹ̀yìntì tipẹ́, kò sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn mọ́ iṣẹ́ ń ya bọ́ọ̀lù àti ọkọ̀ sẹ́yìn ìwé Maths. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà ní WAEC, kò sí ẹni tí yóò kọ́ wọn. Ẹ̀yin òbí tó ń sọ pé kò sówó níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe àwòrán inú fóònù tí ẹ mú dání pé kí ló kọ́ nílé-ìwé.

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí, mo sì ti bá akápò jókòó lé e lórí. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ wá yàrá kan fún kọ́pà tó kẹ́kọ̀ọ́ ọnà, ká sì kọ̀wé sí àwọn NYSC pé a ní ibùgbé fún un. Bí ìyẹn bá pẹ́, Adéyẹmí ní Òǹdó ní ẹ̀ka ọnà, wọ́n sì máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn jáde láti lọ kọ́ni, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n. Tíṣà náà àti ọmọ méjìlá ni yóò máa jókòó ti àwọn ìyá lọ́jọ́ Sátidé fún tẹ́ẹ̀mù kan. Wọn ò ní kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri gbọ̀ngàn. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n á ti máa dán an wò, wọ́n á yà á, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un yà.

Èkejì, kí a san owó fún àwọn ìyá gẹ́gẹ́ bí tíṣà. Mi ò sọ owó obì o. Owó oṣù. Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí. Mo dárúkọ Okeke, mo dárúkọ Òkédìjí, ẹ ò sì gbọ́ orúkọ obìnrin Ifẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ni iṣẹ́. Orúkọ tíṣà pọ̀ nínú ìwé ju ti àwọn ìyá lọ. Lórí ògiri tiwa, orúkọ àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó wà lókè, ká kọ ọ́ gàdàgbà, tíṣà àti àwọn ọmọ á wà nísàlẹ̀. Tiyín ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, ẹ̀yin tó dáwó. Ẹ máa bínú lọ.

Ẹnì kan bi mí lórí gúrúùpù pé ṣé amọ̀ lè lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Ìbéèrè gidi ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá kàn fi omi pò ó, òjò àkọ́kọ́ ni yóò kó o lọ. Ẹ wá ilẹ̀ pupa níbi tí wọ́n ti gbẹ́ kànga, torí tòkè ní iyanrìn àti gbòǹgbò. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kí iyanrìn lọ sísàlẹ̀, ẹ da omi aláwọ̀ tó wà lókè sínú garawa mìíràn, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ohun tó bá sílẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni àwọ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ kí ó kúnná, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò pò ó. Efun ni funfun wa, èédú ni dúdú wa. Osùn rẹwà, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ ká fi í sí abẹ́ òrùlé. Mo ti dán èyí wò sára ọgbà ilé mi, òjò ọdún kan ti rọ̀ sí i, ó ṣá díẹ̀, kò ṣí. Nígbà tó bá wá ṣá jù, àwọn ọmọ tó kọ́ ọ ni yóò tún un kùn, bí ti Ifẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo ń fẹ́.

Owó pẹ́ńtì ògiri kan tí ẹ kò ní rà mọ́ yóò ra gọ́ọ̀mù, efun àti búrọ́ọ̀ṣì, yóò sì ṣẹ́kù. Ti owó àwọn ìyá ni ká dá. Akọ̀wé yóò gbé ìwé owó náà sórí gúrúùpù lálẹ́ òní, ẹ kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi emoji dáhùn. Tí ẹnikẹ́ni bá mọ ìyá mìíràn, ní Ute tàbí ní oko, tó ṣe é rí, kó jọ̀ọ́ pè mí kí oṣù yìí tó parí, kódà bí ìyá náà kò bá lè dìde mọ́. Ẹni tó bá lè fi ẹnu sọ ọ́, a ó gbé tíṣà lọ bá a. A ó sì nílò ọlọ mẹ́rin, ti òkúta. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìyá yín tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, ẹ bá wa gbé e wá.